Ọpẹ́ Ọjọ́ Kejì

Mo fẹ́ kí wọ́n yọ ọrẹ tí mo fún ẹgbẹ́ òṣèlú wa kúrò nínú owó orí mi, ni ẹ̀rọ orí kántà ní ọ́fíìsì owó orí bá bi mí pé: "Màmá, ṣé ẹgbẹ́ wá dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì?"

Mo ní wọ́n wá. Gbádébọ̀ àbúrò mi, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ló wá ní ìdájí.

Ẹ̀rọ náà gbé ohùn mi jáde, bí aago ọwọ́ mi ṣe ká a sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà: "Dìde jàre! Ọpẹ́ kí ni láàárín ọmọ ìyá?"

"Ẹ kò jẹ́ kó dúpẹ́. Ọrẹ tí wọn ò dúpẹ́ rẹ̀, òfin ò kà á sí ọrẹ. Ẹ ṣì jẹ owó orí. Lónìí, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín yóò ti ara rẹ̀ pa."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí Gbádébọ̀ dúpẹ́ lójú òun, lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo pè é, ó sì wá. Àbúrò mi, àgbàlagbà tó ń tiro, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì tútù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹgbẹ́ ní kí n..."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́.

"Dìde jàre, Gbádébọ̀! Ọpẹ́ kí ni?"



"Ẹni tó kàn," ni ẹ̀rọ náà wí.