Ọláyọdé Ní Òun Ò Kí Alága

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán, torí ibi tí ẹ̀rín ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ gan-an ni ìkìlọ̀ wà.

1.
Ní Ṣàngótẹ̀dó, lórí pápá oníyanrìn kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀, ni wọ́n ti máa ń sá eré ìje àwọn ọ̀dọ́ agbègbè Lẹ́kkí àti Ajah lọ́dọọdún. Ọláyọdé ló máa ń tú àwọn sárésáré sílẹ̀. Ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ fèrè dáadáa níbẹ̀, nítorí náà àsíá funfun ló ń lò. Bí àsíá bá wà lókè, kí gbogbo ẹsẹ̀ dúró. Bó bá ti wálẹ̀, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, Ọláyọdé mọ iṣẹ́ yìí. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò gbà rí pé òun ṣàṣìṣe. Bí ẹ bá ní ó ṣàṣìṣe, á ní ojú yín ló ń ṣe bàìbàì.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ara rẹ̀ yá gágá. Bàbá Àyàntúndé, alága ẹgbẹ́ eré ìje agbègbè, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá tẹ́ alága lọ́rùn, Ọláyọdé ni yóò lọ tú àwọn sárésáré sílẹ̀ níbi ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ti ra bàtà kánfáàsì tuntun. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò.

2.
Ó kan eré àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ló ń lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀. Àwọn mẹ́fà ló tò sórí ìlà, ṣùgbọ́n àwọn méjì ni èrò wá wò: Waliyat, ọmọ bíríkìlà kan tó ti Ìṣẹ́yìn wá ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́, àti Ìrètí, ọmọ VGC, àdúgbò àwọn olówó.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ mọ́tò lọ ra búrẹ́dì," àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ bàbá Waliyat kígbe, "ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi sáré?"

Ìyá Ìrètí dá wọn lóhùn: "Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa tó rí ẹ̀yìn ọmọ mi!"

Ọláyọdé gbé àsíá sókè. "Ọ́n yọ̀ máàkì! Sẹ́ẹ̀tì!"

Àfi bí alága ṣe yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí irú àgbà bẹ́ẹ̀, tó máa dúró ṣánṣán bí òpó iná? Ọláyọdé tẹ̀ ba, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi kan ilẹ̀. "Ẹ káàsán, sà! Ẹ kú ìrìn, sà!"

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni alága wí.

Ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà sì ni àsíá wà.

Waliyat bẹ́ jáde bí ọ̀kadà tó rí ọlọ́pàá. Ó sáré títí ó fi dé kọ́nà kó tó rí i pé òun nìkan ló ń sáré.

3.
"Ìwọ, padà wá!" Ọláyọdé pariwo. "O gbéra ṣáájú àṣẹ. Jáde kúrò lórí pápá!"

"Ọ̀gá, àsíá yín wálẹ̀, sà."

"Àsíá ta ni? Àsíá tèmi?"

"Ẹ fi kan ilẹ̀, sà."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Mo ní kó o jáde!"

Omi bọ́ lójú Waliyat. Ni Ìrètí bá nawọ́ sókè. "Bọ̀dá, èmi náà rí i. Mo ti fẹ́ gbéra kí n tó rí i pé alága lẹ ń kí."

"Ìrètí!" ìyá rẹ̀ ké. "Wọ́n bi ọ́ ni?"

"Mọ́mì, gbogbo wa la rí i!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bo Ọláyọdé. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé àsíá wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbà á lójú alága, ìdíje ìpínlẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ohun tó rò nìyẹn.

Alága sún mọ́ ọn. "Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ọláyọdé, ṣé o kí mi àbí o ò kí mi?"

Bó bá ní òun kí i, àsíá wálẹ̀. Bó bá ní òun ò kí i, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

"Mi ò kí yín, sà."

"Hàáà!" Gbogbo pápá hó. Bíríkìlà kan ní, "Torí àsíá, ó sọ ara rẹ̀ di aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Alága rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. "Ta wá ni mo dá lóhùn? Afẹ́fẹ́? Gbé àsíá yẹn wá." Ó gbé e fún Àǹtí Fúnláyọ̀, olùkọ́ tó ń ṣọ́ òpin eré, ó sì ní kí Waliyat padà sórí ìlà.

4.
Àsíá lọ sókè, àsíá wálẹ̀. Ẹ̀yin ará, eré dé! Ìrètí ló ṣáájú ní kọ́nà, Waliyat bá a, wọ́n jọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, àfi ìgbà tó ku díẹ̀ tí Waliyat fi èjìká yọ. Àwọn bíríkìlà ya wọ pápá, wọ́n gbé àwọn méjèèjì sọ́rùn.

"Ẹ rọra o, ọmọ mi lẹ gbé yẹn!" ìyá Ìrètí ń kígbe, ó sì ń jó.

Ọláyọdé bá alága nídìí mọ́tò. "Bàbá, mo kí yín. Ẹ forí jì mí, sà."

"Mo mọ̀," ni alága wí. "Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọ, à bá rẹ́rìn-ín, wọn ì bá tún eré náà sá, ìwọ náà ni ǹ bá sì rán lọ. Àsíá tó wálẹ̀ ò dùn mí. Ọmọ tí o fẹ́ lé lọ lórí ohun tí o mọ̀ pé ìwọ lo ṣe, ìyẹn ló dùn mí."

Àǹtí Fúnláyọ̀ ló lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi àṣẹ lé lọ́wọ́, lórí pápá ni o, ní ọ́fíìsì ni o, nínú ilé ni o, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ yáa jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹ má fi ẹkún ọmọ ọlọ́mọ bo ìtìjú ara yín.