Kí Ẹnikẹ́ni Má Ṣe Kọjá Ìyá Àgbà

Ìran tí Fọlákẹ́mi, aríran ìjọ, sọ nínú ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, kò rí i. Ẹnìkan ló fi sí i lẹ́nu, òun náà sì fi orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ bò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò sí orúkọ mìíràn tí à bá pè é.

Ọ̀rọ̀ orí òkè ló fà á. Ní ọdún 1992, ìjọ aládùúrà kan tó ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead, ní London, pinnu láti lọ gbàdúrà òwúrọ̀ Àjíǹde lórí òkè kan ní erékùṣù kan ní Wales, kí oòrùn yọ bá wọn níbẹ̀. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ló ń pe erékùṣù náà ní Mímọ́. Àpọ́sítélì Dúrótìmí, olórí ìjọ, ní òun kò wá ẹ̀rí mìíràn mọ́.

Wọ́n fi ètò náà lé Gbénró lọ́wọ́, ọkọ Fọlákẹ́mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Gbénró. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Ìkẹ́rẹ́, òkè ni òun fi ń ṣeré.

"Aago mẹ́rin ìdájí la ó gbéra nísàlẹ̀ òkè," ló wí nípàdé. "Ẹsẹ̀ á yá o. Kí àwọn àgbàlagbà dúró sínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa po ògì dè wá."

Mummy Ìyèbíyè, tó dàgbà jù nínú ìjọ, gbójú sókè. Iṣẹ́ ìtọ́jú wọ́ọ̀dù ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Láti ìgbà tó ti dé London, kò tíì gbàdúrà lórí òkè kankan, ó sì ń tọrọ rẹ̀ lọ́dọọdún.

"Gbénró, ṣé ògì ni Màríà Magidalénì ń pò lọ́wọ́ nígbà tí Jésù jíǹde?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Gbénró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mummy, òkè kì í ṣe àga ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó dá wa dúró ni."

Ní Sátidé, Mummy Ìyèbíyè se mọ́ínmọ́ín, ó gbé e lọ sílé Gbénró, lókè téńté ilé gíga kan. Lífítì ti bàjẹ́. Ní agbedeméjì àtẹ̀gùn, ó bá Gbénró tó jókòó, iṣu kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí lo ń ṣe níbí?"

"Mo ń dúró de ẹni tó fẹ́ tún lífítì ṣe ni, Mummy."

"Gbé iṣu yẹn wá, kí n bá ọ gbé e dé òkè."

Ó gbé e fún un.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Mummy bẹ Fọlákẹ́mi pé kó bá òun bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fọlákẹ́mi wo mọ́ínmọ́ín, ó wo iṣu, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹ máa lọ, Mummy. Ọlọ́run á ṣe é."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kíkà, ara Fọlákẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. "Báyìí ni Olúwa wí! Ẹni tó dàgbà jù ni kó ṣíwájú lọ sórí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá ìyá àgbà!"

"Háà! Ìrìn ìgbín nìyẹn!" Gbénró fò dìde. Ṣùgbọ́n Àpọ́sítélì ti ṣe àmín.

Kò pẹ́ tí Níkẹ́, olórí akọrin, fi sọ ọ́ sí etí Mummy: "Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín wọ ilé aríran lánàá. Ìran ẹlẹ́mìí méje!"

Mummy lọ bá Àpọ́sítélì. "Bàbá, ẹ yọ orúkọ mi kúrò. Mi ò ra ìran."

"Ẹ máa bá wa lọ, Mummy. Bó bá jẹ́ rírà ni, orí òkè á sọ ọ́."

Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fi òkè inú igbó Bostall, nítòsí Thamesmead, dánra wò. Gbénró á dúró nísàlẹ̀, á máa fun fèrè.

"Uncle, ìwọ ńkọ́?" Jessica, ọmọ Níkẹ́ tí wọ́n bí sí London, bi í.

"Kóòṣì tó ń kọ́ni kì í sáré, Jessica."

Òwúrọ̀ Àjíǹde pé. Mummy Ìyèbíyè ṣíwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, Gbénró tẹ̀ lé e lẹ́yìn gbágbáágbá, ó ń kùn: "Oòrùn á yọ ká tó débẹ̀ o! Ìyá àgbà ti dá wa dúró!" Nígbà tó yá, kò kùn mọ́.

Mummy tẹ́tí sẹ́yìn díẹ̀. Ó dúró, ó ní kí wọ́n kọ orin kan. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n rìn síwájú. Ó tún dúró.

"Mummy, ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́?" Jessica bi í.

"Rárá o. Orin ló wù mí."

Níkẹ́ ké láti ẹ̀yìn: "Ẹni tó ra ìran, kò rántí ra ẹsẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Mummy na ìgò omi rẹ̀ sẹ́yìn sí Gbénró: "Bá mi gbé e dání, ó wúwo." Nígbà tó gbà á padà, kò wúwo mọ́.

Wọ́n dé orí òkè kí oòrùn tó yọ. Òkun yí wọn ká. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ sùtànà, wọ́n gbàdúrà títí ojú ọ̀run fi pọ́n bí epo. Àpọ́sítélì wá béèrè pé ta ló ní ẹ̀rí. Níkẹ́ yíjú sí Mummy. Fọlákẹ́mi fi ìborùn bojú. Mummy Ìyèbíyè fẹ́ dìde kó wẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì rọra dá a jókòó.

Gbénró ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta níwájú gbogbo ìjọ, ó ní, "Ẹ forí jì mí, Mummy, ẹ̀yin ará, ẹ forí jì mí: èmi ni mo ní kí ìyàwó mi sọ ìran yẹn, nítorí àtẹ̀gùn ilé wa pàápàá, n kì í lè gùn ún tán láìjókòó."