Ẹni Tó Fi Ojú Ara Rẹ̀ Kàwé

Ẹ̀rọ ń kọ ìwé, ẹ̀rọ ń rà á, ẹ̀rọ ló sì ń kà á fún olówó rẹ̀. Mojírayọ̀, tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fáwọn atẹ̀wétà n'Íbàdàn, ń mu ògì lọ́wọ́ nígbà tí Alágbà Oyèlàràn, atẹ̀wétà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, já wọlé bí ìjì.

"Ètò rẹ ti ya wèrè! Ó ní èèyàn ẹlẹ́ran-ara ka ìwé mi tán! Tún un ṣe, àbí kí n gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ!"

Mojírayọ̀ yẹ ètò náà wò, ó rí nọ́ńbà ẹni tó kàwé. Ó pe òǹkàwé náà kíá, ó sì jẹ́ kí Alágbà máa gbọ́ ọ. Bàbá arúgbó kan ló gbé e ní Ṣakí.

"Èmi ni o! Ẹ̀rọ tó ń bá mi kàwé ló bàjẹ́, ni mo bá kà á fúnra mi. Áà, ó dùn! Mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, gbogbo wa la fẹ́ ra apá kejì."

Kíá ni ìbínú Alágbà di ẹ̀rín. Ó já fóònù gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ojú lílò! Apá kejì ti ń bọ̀!"

Ó wo Mojírayọ̀: "Kí ló wà nínú apá kìíní?"

"Sà, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́."

Alágbà wúkọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."