Àmì Pupa Iwájú Minoti

Bimola ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ sọ fún Minoti pé Khogen ti dé láti Kerala.

"Ojú mi ló ṣe," ni Bimola wí. "Mo rí i létí odò. Ó ti sanra bíi màlúù ọlọ́rọ̀. Ọkọ tìẹ náà á dé láìpẹ́. Oorun á di ohun tí o ń wá tì!"

Àwọn obìnrin ọjà rẹ́rìn-ín. Minoti ò rín. Ó gé orí ẹja tó wà níwájú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó gbowó.

"Ó ní òun ń bọ̀ nílé yín," ni Bimola tún wí. "Ó ní gbèsè kan wà nílẹ̀."

Minoti mọ gbèsè náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin rúpìì ni Khogen yọ lápò ara rẹ̀ ní Kerala, nítorí Tapan, ọkọ Minoti. Ibi iṣẹ́ bíríkìlà kan náà làwọn méjèèjì jọ wà. Ohun kan ṣoṣo tó ń ba Minoti lẹ́rù ni pé kí Khogen lọ dárúkọ owó náà létí ìyá ọkọ rẹ̀. Dókítà ti ní àyà ìyá ò gba ìròyìn òjijì. Gbogbo èrè orí ẹja, owó oògùn ìyá ló ń bá lọ.

Láràárọ̀, kí Minoti tó gbé agbọ̀n, ìyá á pè é síbi bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó mi, sún mọ́bí kí n rí iwájú orí rẹ."

Á wo àtíkè pupa tí Minoti fi kun ibi tí irun rẹ̀ ti pín sí méjì. Á wo àmì róbótó pupa tó wà láàárín ojú. Á fọwọ́ pa ẹ̀gbà funfun ọwọ́ rẹ̀.

"Ó dáa. Iwájú opó ló ń ṣófo."

Òun fúnra rẹ̀, sárì funfun tí ò léti ló ń ró láti ọjọ́ tí bàbá Tapan ti kú. Kò fẹnu kan ẹja mọ́. Kì í béèrè ọjọ́ tí Tapan máa dé.

Tó bá dalẹ́, á ti abọ́ síwájú Minoti.

"Jẹ ẹja. Ṣé opó bíi tèmi ni ọ́ ni?"

"Ìyá, òórùn rẹ̀ ti sú mi. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ."

"Jẹ ẹ́ jàre."

Tí ìyá bá yíjú, ológbò ló ń jẹ ẹja náà.

Bí Bimola ti sọ̀rọ̀ Khogen tán, Minoti fi ọjà sílẹ̀ fún un, ó gba etí oko ìrẹsì sáré lọ sílé. Sálúbàtà Khogen ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Minoti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè wọlé, kò lè padà.

"Ìyá Tapan, ẹ jọ̀ọ́, Minoti ni mo wá rí," ni Khogen ń wí.

"Mo mọ ohun tó gbé ọ wá. Jókòó."

Ìyá tú kókó etí sárì rẹ̀. Owó ni, ó ti rún, ó ń rùn bí ẹja. Minoti gbóòórùn rẹ̀ níbi tó wà. Owó oògùn tí òun ń fún ìyá ni. Khogen gbà á, ó kà á, ó pé.

"Owó igi tí o fi sun òkú ọmọ mi nìyẹn," ni ìyá wí, "ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Minoti gbọ́ pé mo ti mọ̀, torí ọjọ́ tó bá gbọ́ ni yóò nu àmì iwájú rẹ̀ kúrò."