Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Màmá Ìrètí Lọ Wo Eré

Láti àárọ̀ Sátidé ni Fẹ̀yìntọlá ti ń retí ọmọ rẹ̀ nílé l'Óǹdó. Ìrètíolúwa nìkan ló bí, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí wọn kò ti fojú kanra. Ọmọ náà ló fẹ́ Hameedat tí ìyá ní kó má fẹ́, ìyá sì kọ̀, kò yọjú síbi ìgbéyàwó wọn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi lé ọmọ jáde. Oṣù tó kọjá ló tó gbé fóònù, tó bẹ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ọmọ sì sunkún létí rẹ̀.

"Màámi, mo ń bọ̀ ní Sátidé. Màá mú Hameedat àti ọmọ wa wá lọ́jọ́ mìíràn, kí n kọ́kọ́ wá rí yín ná."

Sátidé kọjá, kò rí i. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kí ọmọ má baà bá ilẹ̀kùn ní títì. Nígbà tó di ọ̀sán, Adébùsóyè, àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé, wọlé tòun ti Ọmọ́wùnmí, ìyàwó rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ múra," ni Adébùsóyè wí. "À ń lọ sí Àkúrẹ́. Eré kan wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàká, èèyàn á máa jẹun, wọ́n á máa ṣeré fún un. A ó sùn síbẹ̀."

"Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ọmọ mi bó bá dé?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Fẹ̀yìntọlá wò ó láti òkè délẹ̀. "Akọ̀wé mi, Màmá Ìrètí lẹ máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti bímọ. Kí ló dé tó fi di ìyàwó wa lónìí? Ó ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tọrọ."

Adébùsóyè yẹjú. Ọmọ́wùnmí ti gba fóònù lọ́wọ́ ìyáálé rẹ̀, ó ní iná kò sí, kí òun bá wọn chájì ẹ̀ nínú mọ́tò.

Ibẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá ti fura, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣebí ó mọ àwọn ọmọ ìwòyí! Wọn kì í kàn wọlé kí èèyàn bí ọmọlúàbí. Wọ́n á sá pamọ́ síbì kan, wọ́n á wá yọ síni lójijì, kí gbogbo èèyàn máa pariwo. Ó wọ léèsì àlùkò tí kò tíì wọ̀ rí, ó ki fìlà òwú kékeré tó rà fún ọmọ ọmọ rẹ̀ sínú báàgì, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ní ìkóríta àdúgbò, àwọn àgbà ẹbí méjì jókòó sínú mọ́tò lábẹ́ igi máńgòrò. Ó juwọ́ sí wọn. Wọ́n juwọ́ padà, wọn kò sọ̀kalẹ̀.

"Àwọn yẹn náà mọ̀ sí i," ló sọ nínú ara rẹ̀.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni eré bẹ̀rẹ̀. Àga mẹ́rin ló yí tábìlì wọn ká, ọ̀kan ṣófo. Wọ́n gbé iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ẹlẹ́ran ìgbẹ́ wá. Adébùsóyè kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ọmọ́wùnmí ń kó ẹran inú àwo tirẹ̀ sínú ti ìyáálé rẹ̀.

"Ẹ jẹun, ìyáálé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun yó."

Lẹ́yìn àwọn olórin, àwọn òṣèré ṣe eré ìyá ọkọ kan tó ń tọ́ ọbẹ̀ ìyàwó wò, tó ń tutọ́ rẹ̀ dànù lójú àlejò. Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi gan-an nìyẹn! Olúwa, dárí jì mí!"

Kìtán, aláwàdà tó ń darí eré, gbọ́ ọ, ó gbé máìkì wá bá a.

"Màmá aláṣọ àlùkò, níbo lẹ ti wá?"

"Oǹdó."

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ọ̀kan ṣoṣo. Ó sì ń bọ̀ wá bá mi níbí nírọ̀lẹ́ yìí!"

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. "Ẹ kò ní sin ín o," ni Kìtán wí. "Òun ni yóò sin yín!"

Àmín ti Fẹ̀yìntọlá ló ròkè jù. Adébùsóyè dìde, ó ní òun fẹ́ gba ìpè níta. Àwọn onílù lù sí i, Fẹ̀yìntọlá gun orí ìtàgé, ó bọ́ bàtà, ó jó, ó ń ju ojú sẹ́yìn aṣọ ìtàgé bóyá yóò rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó padà wá jókòó, ojú Ọmọ́wùnmí ti pọ́n.

"Ata ló ta sí mi lójú, ìyáálé mi."

"Ata kọ́. Ẹ ti fẹ́ tú àṣírí ara yín!" Ó fi ìgúnpá gbún un. "Ibo lẹ fi í pamọ́ sí?"

Adébùsóyè wọlé padà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ṣebí ẹ ní a ó sùn síbí? Ìrètí ńkọ́?"

"Oǹdó ló wà."

"Òótọ́?"

"Òótọ́ ni. Hameedat náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ."

Fẹ̀yìntọlá fò sókè, ó dì mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n bá òun di ẹran tó ṣẹ́kù sínú nílọ́ọ̀nù, torí ọmọ òun fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́. Iwájú mọ́tò ló jókòó sí, ó ń sọ fún Adébùsóyè pé kó tẹ iná mọ́tò dáadáa, ó ń kọrin.

Pásítọ̀ ìjọ wọn ló ti pe Adébùsóyè lórí fóònù, tó ní kó máa gbé ìyá bọ̀ wàyí, nítorí àwọn ti sin Ìrètíolúwa, tí ọkọ̀ pa lójú ọ̀nà Bìní lọ́jọ́ Sátidé, síbi tí ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀ títí láé.