Ìka Kẹfà

Ìyá àgbà ló gbé ọmọ náà wọ yàrá dókítà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ìka mẹ́fà ló sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń fi ìbọ̀wọ́ bò ó.

Dókítà na ọwọ́ ọmọ sábẹ́ iná, ó ka ìka rẹ̀.

"Nígbà tí oyún ṣì kéré, apá ọmọ ò ju èéhù lọ. Jíìnì kan, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, wà níhà ìka ọmọńdinrín tó ń pàṣẹ pé kí ìka yọ. Òmíràn wà níhà àtàńpàkò tó ń dá a lẹ́kun pé ó tó. Bí èyí tó ń dáni lẹ́kun bá sùn lọ, apàṣẹ á máa bá iṣẹ́ lọ. Ìran ló sábà máa ń gbé e wá. Ta ló ní i nínú ẹbí?"

Ìyá ọmọ wolẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fa ọwọ́ òsì ìyá àgbà jáde lábẹ́ ìborùn, ó tọ́ka sí àpá ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré.

"Òwú ni wọ́n fi so tiwọn já ní kékeré. Ẹ̀jẹ̀ Màámi ni, dókítà. Ẹ bá mi sọ ọ́ sétí àwọn àbúrò mi."

"Màmá, a ó gba ẹ̀jẹ̀ tiyín náà, ká tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá ọmọ àti ti ọmọ."

"Ẹ̀jẹ̀ arúgbó? Ó ti di omi."

Dókítà fa ìwé mọ́ra. "Nígbà tí ẹ bí bàbá ọmọ, ṣé ẹ pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀?"

"Ta ló ń rántí."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó rántí ọjọ́ tí ewúrẹ́ aládùúgbò bímọ, tó ń ka baba ńlá wa dé ìran keje láìmí! Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù."

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ń bi mí pé ta ló lọmọ."

Ìyá àgbà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó na apá. Ẹ̀jẹ̀ kún ìgò kékeré náà.

"Ó dùn yín?" ni ọmọ rẹ̀ bi í, ó ń bá a tún ìborùn ṣe.

"Kò dùn mí."

Obìnrin tó bí ọkùnrin náà ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn kò ní ju ìka mẹ́wàá lọ, kò sì ní àpá kankan. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ká ìka wọ̀nyẹn lé òkú náà láyà, kó tó pọn ọmọ ọ̀sẹ̀ kan tí olóògbé fi sílẹ̀ lọ sílé ọkọ tirẹ̀, tó ní òun lòun bí i.