Ìyàwó Ilé

"Kí ìjọba máa tọ́jú àìrọ́mọbí kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé nìyẹn!" Aṣòfin lu tábìlì, ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín kò tíì tán tí ohùn tí kì í fi í sílẹ̀ tún dún sí i létí, ohùn ìyàwó tó kọ́kọ́ lé torí àìbímọ: "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ ṣàyẹ̀wò."

Ó gbójú sókè sáàárín èrò ìwòran. Obìnrin náà gan-an nìyẹn, ó pọn ọmọ. Ìyàwó kejì tó lé jókòó tì í, ó ń fọ́mọ lọ́mú.

Olórí ilé ní, "Ẹni tó bá fara mọ́ òfin ìtọ́jú àìrọ́mọbí náà, kó nawọ́."

Aṣòfin nawọ́. Ó fọwọ́ kejì tẹ fóònù pe ìyàwó kẹta, ẹni tó ní kó di ẹrù ẹ̀ láàárọ̀.

Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.